Linnet Nínú Ọ̀dá Ọdún 1976

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Kẹfà 1976

Tamsin ọmọ mi gba ipò kẹta nínú ìdíje alùpùpù ọmọdé ní Cold Batch! Òkè pátápátá ni mo kọ ọ́ sí kó lè máa wò mí lójú nígbàkígbà tí mo bá ṣí ìwé yìí. Àwọn méjì tó wà níwájú rẹ̀, alùpùpù Japan ni wọ́n gùn. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà, Japan ni. Linnet, alùpùpù tí Tamsin gùn, nìkan ni ọmọ ilẹ̀ yìí lórí pápá lónìí, èmi Glenys Pardoe ni mo sì fọwọ́ ara mi jó gbogbo irin tó wà lára rẹ̀ pọ̀. Wilf ọkọ mi ló de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì náà ti Italy wá, mo mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ rán mi létí.

Ọ̀gbẹ́ni Treece tó ní ilé ìtajà alùpùpù ní Hereford wà níbẹ̀. Ó wọ bàtà tó ń dán wá sínú oko. Lẹ́yìn ìdíje, ó yí Linnet ká, ó fi èékánná kan gbogbo ibi tí mo ti jó irin pọ̀, ó ní, "Ìyáàfin Pardoe, ẹ jẹ́ ká má fọ̀rọ̀ gùn. Tí ọmọ yín bá wà nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ìdíje ìkẹyìn, ti Mọ́ńdè ìsinmi ìparí oṣù Kẹjọ, màá gba Linnet méjìlá fún Kérésìmesì."

Mo ní, "Tí kò bá sí nínú wọn ńkọ́?"

"A jẹ́ pé afẹ́fẹ́ oko nìkan ni mo wá fà símú nìyẹn."

Méjìlá! Tí Treece bá gba méjìlá, a ò ní í ti ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ wa pa nìyẹn. Tí kò bá gbà á, Wilf á lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gáréèjì bọ́ọ̀sì ní Shrewsbury nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹni tó ni ilẹ̀ á sì kó koríko gbígbẹ sínú ṣọ́ọ̀bù. Irin ni mò ń jó láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n kó koríko sórí tábìlì mi.

Roland Skerry náà ò ní í ṣe kó má yọjú. Èmi àti Roland la jọ ń jó férémù ní Birmingham kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ó ti di ẹni tó ń ta ìwé ìbánigbófò báyìí, ó wọ táì, ọdọọdún ló sì ń ra Japan tuntun fún Adrian ọmọ rẹ̀. Ó kígbe láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, "Glen! Ṣé o ṣì ń gun gétì yẹn kiri?"

"Gétì tó fi ọmọ mẹ́rìnlá sẹ́yìn lónìí ńkọ́?"

"Kò fi Adrian sẹ́yìn."

"Ìparí oṣù Kẹjọ ò jìnnà, Roland. Máa jẹun dáadáa."

Nígbà tí mo padà dé ìdí ọkọ̀ wa, Bryony, àbígbẹ̀yìn Roland, ti gun orí Linnet, ó fi ọwọ́ tó kún fún bisikíìtì di ibi ìdarí mú. Ọmọ ọdún márùn-ún! Mo lé e sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Kẹfà

Wilf tú kábúrétọ̀ Linnet. Eruku tó wà nínú rẹ̀, èèyàn lè pò ó mọ́ tíì kó rò pé ṣúgà ni. Ilẹ̀ ti gbẹ jù. Táyà iwájú ló ń da gbogbo rẹ̀ sókè, ó ń wọ ojú Tamsin, ó ń wọ ẹ́ńjìnnì.

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Màá fa mọ́gáàdì iwájú, irin tó bo orí táyà, wálẹ̀ títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Eruku tí kò bá ríbi fò, ibo ló máa gbà?

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹfà

Mo ti ṣe é. Mo fi irin pẹlẹbẹ méjì ṣe apá fún mọ́gáàdì náà, mo sì fi idẹ jó wọn mọ́ apá iwájú tó di táyà mú. Ọwọ́ mi dá ṣáṣá lónìí. Ibi tí mo jó pọ̀ yẹn dán, ó tẹ́jú, kò ní ihò, kò ní gọ́nńgọ̀. Mi ò tíì jó èyí tó dára tó o rí láyé mi.

Wilf dúró tì mí pẹ̀lú ife tíì. "Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni ìbá dáa kó o fi dè é, Glen. Tá a bá fẹ́ yí i padà lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

"Kí la fẹ́ yí padà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo kàn ní lọ́jọ́ kan."

"Bóòtù máa ń tú. Iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í tú."

Ó mu tíì rẹ̀. Ọkùnrin dáadáa ni.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kẹfà

Ipò kejì! Ojú Tamsin mọ́ nínú àṣíborí rẹ̀ bí ẹni tó lọ ra búrẹ́dì. Adrian Skerry tó gba ipò kìn-ín-ní ń húkọ́ eruku. Mọ́gáàdì yìí ti ṣiṣẹ́. Mo rìn kọjá níwájú Roland lẹ́ẹ̀mejì, kò pọn dandan kí n gba ibẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù Kẹfà

Ooru yìí fẹ́ pa mí. Mo ki ẹsẹ̀ bọ inú báálì omi tí wọ́n fi fọ abọ́, mo sì ń jó irin lọ. Wilf ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo ní kó bu omi míì sí i. Ó ní omi ò sí.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Keje

Ipò kẹrin. Kì í ṣe ẹ̀bi Linnet. Tamsin ní orúnkún òun ń gbá ibi ìdarí tí òun bá fẹ́ yí kọ́nà. Mo wò ó tó dúró tì í. Olúwa ò! Ọmọ yìí ti ga. Nígbà Ọdún Àjíǹde ni mo fi okùn wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí mo sì gé irin férémù sí i gẹ́lẹ́, ó bá a mu bí ìbọ̀wọ́. Oṣù mẹ́ta péré! Mo bi í pé ta ló ní kó máa ga. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa jẹ kábéèjì."

Ní abẹ́ àgọ́ tíì, Roland tún gbé e dé níwájú gbogbo èèyàn. "Glen, ayé ti lọ. Mo wọ ilé ìtajà, mo sanwó, mo gbé alùpùpù, ọmọ mi gùn ún lọ́jọ́ kejì. Kí lo fẹ́ fi ayùn àti iná ṣe?"

Inú bí mi. Mo gbé ife kalẹ̀. "Roland, ta ló kọ́kọ́ fi ọmọdé sórí alùpùpù nínú ẹrẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí? Ṣé Japan ni? Nígbà tí àwa bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkankan fún ọmọdé. Alùpùpù àgbàlagbà tí wọ́n fi ń pín lẹ́tà la gé nídìí, la gé lórí, a bu ìjókòó kù, a fi ayùn gé ibi ìdarí, ọmọ á gùn ún, ó sì wúwo bíi màlúù. Àwọn bàbá ló máa ń dì í mú títí rọ́bà tí wọ́n ta síwájú wọn níbi ìbẹ̀rẹ̀ fi máa fò. Ìwọ gan-an wà níbẹ̀! Ìwọ lo bá Wilf gé àkọ́kọ́! Lẹ́yìn ìyẹn làwa tá a wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe férémù tó bá ọmọ mu. Ìgbà tá a ti la ọ̀nà tán ni Japan tó gbé ọkọ̀ wá gba orí rẹ̀ kọjá."

Roland ro ṣúgà rẹ̀. "Mo rántí," ló wí. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ gbà pé tiwọn ń yára." 

Ó ń yára. Mi ò sọ pé kò yára. Tèmi ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà.

Bryony tún ti gun Linnet. Tamsin ló gbé e gùn ún lọ́tẹ̀ yìí. Mo lé àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Keje

Mo gbé ibi ìdarí sókè, mo sì sún un síwájú. Tamsin gùn ún yí ṣọ́ọ̀bù po, ó ní ó ti dáa. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Ó balẹ̀ jù, orúnkún rẹ̀ tẹ̀.

Mo ní kí Wilf da àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó wà lábẹ́ tábìlì nù, èyí tó tú lára àwọn kẹ̀kẹ́ elépo. Wọn ò lágbára tó láti gbé ọmọ bíi Tamsin. Ó ní òun á dà wọ́n nù. Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní í dà wọ́n nù.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Keje

Wọ́n fagi lé ìdíje òní. Àgbẹ̀ tó ni pápá ní ìtapàrà iná kan láti ẹnu èéfín alùpùpù, gbogbo oko òun ló máa jóná. Kò sọ irọ́, koríko ń fọ́ lábẹ́ bàtà. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá ń sọ bẹ́ẹ̀, ibo la ti máa díje ní ìparí oṣù Kẹjọ? Mo ṣépè fún oòrùn. Àdúgbò gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù Keje

Pòtétò ti gbówó lórí. Obìnrin tó ń tà á ní èyí tó máa dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ò ní í ju ẹyin lọ, owó rẹ̀ á sì pọ̀ ju tòní lọ. Àwọn kòkòrò pupa alámì dúdú bo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wọ inú tíì. Wọ́n tún ń géni jẹ, mi ò mọ̀ pé wọ́n léyín.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kẹjọ

IPÒ KÌN-ÍN-NÍ!

Tamsin, Linnet, ipò kìn-ín-ní. Ọmọ Roland ní ipò kejì. Tamsin rí ọgbọ́n kan ta níbi ìbẹ̀rẹ̀: kì í wo rọ́bà tí wọ́n ta síwájú wọn, ọwọ́ ọkùnrin tó di kókó rọ́bà náà mú ló ń wò. Kí rọ́bà tó fò ló ti fò. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Mo sunkún, mo sì sọ fún Wilf pé eruku ni. Ó ní, "Eruku dà? Ṣebí o ti fi mọ́gáàdì dè é mọ́lẹ̀."

Mo ń sọ̀yà, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀yà.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹjọ

Ẹgbẹ́ ti rí pápá fún ìdíje ìkẹyìn: ilẹ̀ ẹ̀bá odò ní Lower Hollins. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní koríko ibẹ̀ ṣì ní omi díẹ̀ nídìí, kò lè gbaná. Amọ̀ ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ti le bí àwo báyìí, á sáré dáadáa. Treece ti tẹ̀ mí láago, ó ní òun ò gbàgbé.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹjọ

Kò sí ìdíje, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oníwàásù gbàdúrà òjò. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára: ó mẹ́nu ba màlúù, ó mẹ́nu ba àwọn arúgbó tó ń fi kẹ́tùlù pọn omi lójú títì, ó mẹ́nu ba ọgbà ẹ̀wà ìyá mi tó gbẹ dànù. Àmín tèmi ló dún jù. Wilf yíjú wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹjọ

Mo ti fọ Linnet pẹ̀lú ife omi mẹ́ta. Wilf ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti ṣéènì. Ibi ìdarí ti dé òpin, kò tún lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tamsin jẹ sọ́séèjì mẹ́rin. A ti ṣe tán. Ẹni tó bá fẹ́ ká pàdánù, kó wá nǹkan míì ṣe.

Àrá ń kùn lápá Wales.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹjọ

Òjò! Òjò, òjò, òjò! Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tá à ń jẹun ọ̀sán, ó sì ń dà wìì. Gbogbo àdúgbò jáde. Ìyá àgbà tó ń gbé ní òdìkejì wọ aṣọ oorun jó lójú títì. Mo bá a jó. Wilf gbé gbogbo ìkòkò wa síta. Tamsin dùbúlẹ̀ sórí koríko tó gbẹ ó la ẹnu. Inú mi dùn dé góńgó. Kò tíì dá báyìí tí mò ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹjọ

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí, láìfi ibì kankan pa mọ́.

Òjò ò dá mọ́jú. Nígbà tá a dé Lower Hollins, àwo tí mo sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti di ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún búrẹ́dì. Bàtà mi kan kù sínú ilẹ̀ kí n tó dé ibi tíì. Síbẹ̀, ẹ̀rù ò bà mí. Mo rí Treece lábẹ́ agbòjò rẹ̀, mo juwọ́ sí i.

Eré mẹ́ta ni wọ́n máa ń sá, wọ́n á wá ro ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Eré kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀. Tamsin wo ọwọ́ ọkùnrin náà, rọ́bà fò, ọmọ mi ló ṣáájú wọ kọ́nà àkọ́kọ́. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀bá odò, ó tún gòkè bọ̀, ó sì ṣì wà níwájú. Bó ṣe dé iwájú wa báyìí, táyà iwájú dúró. Ó dúró gbọnin! Tamsin gba orí ibi ìdarí fò sọdá, ó fi ojú balẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, Adrian wà níwájú wọn.

Ó dìde. Ara rẹ̀ le, mo dúpẹ́. Ó ń ti Linnet, Linnet kò yí. Mo sá dé ibẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì rí i. Amọ̀ ti kún àárín táyà àti mọ́gáàdì dẹ́múdẹ́mú. Mọ́gáàdì tí mo fà wálẹ̀. Mọ́gáàdì tí mo jó mọ́ ọn, tí mi ò fi bóòtù dè. Èmi tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n fi òjò wẹ̀ fún láti kékeré, tí mo ń gbé agbòjò lọ síbi ìgbéyàwó nínú oṣù Kẹfà, mo gbàgbé òjò! Oṣù mẹ́ta péré tí oòrùn fi ràn, mo kan alùpùpù bí ẹni tí kò ní í rí òjò mọ́ láé. Mo sì tún ṣe àmín.

Ojú tì mí. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Tamsin nu ẹnu. "Màmá, kì í ṣe ẹjọ́ Linnet. Táyà ni ò yí."

"Mo mọ̀. Ẹjọ́ mi ni."

A gbé e dé ìdí ọkọ̀. Àwọn alùpùpù Japan dúró tì wá, mọ́gáàdì gbogbo wọn ga sókè, ààyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ á gba ológbò. Wilf ń wá nǹkan nínú àpótí irinṣẹ́. Mo ní, "Sọ ọ̀rọ̀ bóòtù yẹn." Ó ní, "Mi ò ní nǹkankan sọ. Ayùn irin rèé."

Mo gba ayùn. Mo gbé e sórí ibi tí mo jó pọ̀ yẹn, èyí tó dán, tó tẹ́jú. Tamsin di apá mi mú. "Ẹ má gé e, Màmá. Ẹ sọ pé òun lẹ jó dáadáa jù."

"Kò sí ohun tí mo jó tí mi ò lè gé. Di táyà mú."

Ó le láti gé. Iṣẹ́ mi ni, báwo ni kò ṣe ní í le? Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò mí, Roland wà láàárín wọn pẹ̀lú agbòjò, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Apá kejì já, mọ́gáàdì bọ́ sí mi lọ́wọ́. A gbọ́dọ̀ gbé e sókè, sábẹ́ ibi ìdarí, bí ti àwọn tó kù. Mo ní kí Wilf mú okùn wá. Okùn ò sí nínú ọkọ̀. Wilf wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo fi de mọ́gáàdì náà lókè. Bí Wilf ṣe wà látìgbà yẹn nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, ọwọ́ kan lára ṣòkòtò.

Eré kejì: Tamsin gba ipò kẹta. Táyà ń yí, ẹrẹ̀ ń fò, ojú rẹ̀ ò hàn mọ́. Mo fi etí aṣọ mi nù ún.

Eré kẹta: àwọn alùpùpù Japan bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Wọ́n wúwo ju Linnet lọ. Ní orí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn odò, mẹ́rin nínú wọn dúró, bàbá wọn sì ń pariwo. Linnet tèmi gùn ún lọ jẹ́jẹ́. Ó kù òun àti Adrian. Ní kọ́nà ìkẹyìn, Adrian gba ìta níbi tí ilẹ̀ ti le, Tamsin gba inú, ó tẹ Linnet tó fi dà bíi pé ó fẹ́ dùbúlẹ̀, ó sì jáde níwájú. Ipò kìn-ín-ní! Mo fò mọ́ Wilf, ó ní, "Ṣòkòtò mi! Glen, ṣòkòtò mi!"

Akọ̀wé ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì kà á jáde. Adrian Skerry kìn-ín-ní. Àwọn ọmọ méjì kan láti Worcester tẹ̀ lé e. Tamsin Pardoe, ipò kẹrin.

Ẹkẹrin.

Treece wá bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ìyáàfin Pardoe, eré ìkẹyìn yẹn, mi ò ní í gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo wí."

"Ẹ wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," ni mo dá a lóhùn. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ ló mú ṣẹ. Tamsin ń bọ́ bàtà rẹ̀, kò sunkún. Ó ní, "Màmá, ó dáa gan-an ni. Ó kàn ti kéré sí mi ni." Èmi ni mo lọ sunkún lẹ́yìn ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ariwo. Ọkọ̀ Treece ti rì, táyà rẹ̀ kàn ń yí lójú kan. Wọ́n ń pe ẹni tó máa ti ọkọ̀. Èmi náà lọ, kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo gbé èjìká lé e, mo bá ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Roland pẹ̀lú táì rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, Wilf sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í lápá kejì.

Roland ní, "Glen."

"Tì í, Roland. Sọ̀rọ̀ tó o bá tì í tán."

"Bryony."

"Kí ló ṣe é? Ó tún ti gun Linnet?"

"Ó ti gùn ún. Ó wà lórí rẹ̀ báyìí. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti wọ gbogbo ilé ìtajà láti ibí dé Birmingham. Èyí tó kéré jù tí wọ́n ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lórí rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Kò sí tirẹ̀ níbì kankan. Wọn ò ṣe fún ọmọ tó kéré tó yẹn. Ta ló ń ṣe é? Èyí tá à ń gé nídìí, tá à ń gé lórí láyé ọjọ́sí nìkan ló wà." Kò wò mí lójú. "Ṣé o lè kan Linnet kan tó kéré ju Linnet lọ?"

Mo dáwọ́ dúró. Wilf náà dáwọ́ dúró. Wilf ní, "Àwọn ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ tábìlì."

"Ṣebí mo ní kó o dà wọ́n nù?"

"O wí bẹ́ẹ̀."

Bàbá kan tó ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn wa ní òun náà ní ọmọ ọdún mẹ́fà nílé tó ń sunkún ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹlòmíì ní ìbejì ni tòun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pọ̀, kò sẹ́ni tó ń ti ọkọ̀ mọ́. Treece yọ orí láti ojú fèrèsé, ẹrẹ̀ wà nímú rẹ̀. "Fún ọmọ ọdún mélòó? Mélòó lẹ lè ṣe kó tó di Kérésìmesì?"

Mo nàró. Mo ti padà sí ara mi. "Ọ̀gbẹ́ni Treece, ẹ tò sẹ́yìn Roland."

Lẹ́yìn náà la tì í jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 oṣù Kẹjọ

Wilf ti tẹ gáréèjì bọ́ọ̀sì láago pé òun ò wá mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an, ó fi dà bíi pé àwọn ni òun fẹ́ gbà síṣẹ́. Ó ti ra bẹ́líìtì tuntun. Ti àtijọ́ ṣì wà lára Linnet, Tamsin ní kí ẹnikẹ́ni má tú u.

Roland gbé Bryony wá lọ́sàn-án, ó dúró síta nínú ọkọ̀ nítorí òjò. Ọmọ náà wọlé fúnra rẹ̀, ó lọ tààrà sídìí Linnet. Mi ò lé e. Mo ní kó bọ́ bàtà kó dúró ti ògiri, mo mú okùn, mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbàdí dé ilẹ̀, mo ta kókó sí i. Okùn náà kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tún un wọ̀n.

"Ìgbà wo lẹ máa kàn án tán?"

"Kérésìmesì."

Ó rò ó. "Tamsin ní nǹkan tẹ́ ẹ bá ṣe máa ń kéré tí èèyàn bá ti ga."

"Òótọ́ ni Tamsin sọ." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. "Torí náà gbọ́ mi dáadáa, Bryony Skerry. Jọ̀ọ́, má tíì ga o."

Ó mi orí. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó rọra tẹ orúnkún méjèèjì ba, ó sì rìn bẹ́ẹ̀ la inú òjò kọjá lọ bá bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀.